Ewé Furúntù Náà Ń Pọ́n

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ọ̀rẹ́ kan bá fi fọ́tò igi tí ewé rẹ̀ ti pọ́n ránṣẹ́ láti London lóṣù kẹwàá, kíá la ó ti fi ọkàn pupa sí i: "Ó mà rẹwà o!" Àmọ́ tí igi furúntù ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó bá pọ́n nígbà ọyẹ́, ìgbálẹ̀ là ń wá. Bí inú bá wá ń bí onílé, ó di aláyùn.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Kì í ṣe igi. Ní London, òtútù àti ojúmọ́ tó ń kúrú ló ń mú kí igi palẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀gbẹlẹ̀ ni: omi inú ilẹ̀ ń dín kù, ojú ewé sì ni omi ń gbà jáde lára igi. Níbi méjèèjì, igi á kọ́kọ́ fa ohun aṣaralóore inú ewé padà sára, àwọ̀ tútù á ṣá, pupa á yọ. A tiẹ̀ ní orúkọ fún un, ìwọ́wé, a ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ibi tí ojú tá a fi ń wo igi ti ń yí. Ẹ ṣí àwọn emoji orí fóònù yín: ewé maple pupa wà níbẹ̀, ewé gbígbẹ tó ń já bọ́ wà níbẹ̀. Ti furúntù dà? A sì tún mọ̀ pé tí kọ̀ǹpútà bá sùn, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó ń gbé e jù sáàtàn. Igi tó wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn ń sinmi ni. Flamboyant tó rí bí igi gbígbẹ lóṣù kejì, òun kan náà ló máa pọ́n bí iná tí òjò bá dé.

Wọ́n á ní ewé ń dí gọ́tà. Òótọ́ ni. Àmọ́ inú ẹ̀ẹ̀rùn ni ewé pupa yìí ń já, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tètè gbá a ti bọ́. Ewé á jẹrà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó wà nínú gọ́tà kan náà ò ní jẹrà. Èwo la wá ń gé?

Wọ́n á gé furúntù, wọ́n á da kọnkéré sílẹ̀, wọ́n á gbin igi masquerade tó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, tó tutù yọ̀yọ̀ láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ó dáa. Ta ló máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ ta ayò? Níbo ni ìyá alágbàdo máa sá oòrùn sí?

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó pe aláyùn, ẹ wo igi yẹn fún ọdún kan gbáko. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ gbé ti ìgbà tó pọ́n náà síta. Ohun a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àwa tá a ní odindi igi ńkọ́?