Ọmọ Tí A Fi Ṣọ́ Bàtà: Eré Ṣíṣe, Akàndá Ọmọ àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni òwe yìí, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ òbí nínú. Ṣùgbọ́n abẹ́ òwe yìí kan náà ni àwọn mìíràn ń sá sí, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ọmọ ènìyàn sílẹ̀ fún Olúwa. Ibi tí èyí ti hàn gbangba ni ibi eré ọmọdé.

Ẹni tí ó bá lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ lọ́jọ́ ọdún yóò rí ohun tí à ń wí. Ìdílé kan á dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Kí bàbá tó sanwó ẹnu ọ̀nà tán, àwọn méjì á ti bọ́ bàtà, wọ́n á ti sáré dé ìdí jangirọ́fà. Ẹnì kẹta wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Bí àtẹ̀gùn bá wà lẹ́nu géètì, wọ́n á gbé e gòkè bí ẹni gbé ẹrù. Bí ó bá wọlé, iyanrìn ni yóò bá. Táyà kẹ̀kẹ́ á rì, kò ní í lọ mọ́. Ìyá á wá ibòji fún un, wọ́n á kó bàtà àti àpò oúnjẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní, "Bá wa ṣọ́ ọ, ọmọ dáadáa." Kò sẹ́ni tí ó nà án, kò sẹ́ni tí ó bú u. Àní, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn yòókù ń ròyìn eré tí wọ́n ṣe, bàtà ni òun ṣọ́.

Ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kọ́ ni kò jẹ́ kí ó ṣeré, bí kò ṣe àtẹ̀gùn àti iyanrìn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó mọ àtẹ̀gùn, ọwọ́ ènìyàn ni ó da iyanrìn. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe, ọwọ́ náà lè tún un ṣe.

Àpẹẹrẹ láti ìlú San Antonio

Gordon Hartman, oníṣòwò kan tí ó ń kọ́ ilé tà ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mọ irú ìrírí yìí. Òun àti ìdílé rẹ̀ lọ gbafẹ́ nígbà ìsinmi. Morgan ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó jẹ́ akàndá ọmọ, fẹ́ bá àwọn ọmọ mìíràn ṣeré nínú adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ náà kò mọ bí wọn yóò ti ṣe é, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ìkà kọ́ ni wọ́n, àìmọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn bàbá. Ní ọdún 2005, ó ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akàndá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ọgbà eré Morgan's Wonderland ṣí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó éékà 25, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀.

Nínú ọgbà yìí, ọmọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kò ní í sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó gun jangirọ́fà. Tòun ti kẹ̀kẹ́ ni yóò wọ inú rẹ̀, tí a ó sì máa fì í. Níbi tí àwọn ẹṣin onígi ti ń yípo, a ṣe ààyè fún kẹ̀kẹ́ arọ láàárín àwọn ẹṣin náà, ààyè ọ̀hún sì ń lọ sókè sódò bí ẹṣin ti ń ṣe. Ní ọdún 2017, wọ́n ṣí ọgbà omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ sínú àgbá ni ó ń gbé àwọn kẹ̀kẹ́ kan rìn dípò bátìrì, kí omi má baà bà wọ́n jẹ́. Àwọn akàndá kì í sanwó ìwọlé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé a kò kọ́ ọgbà náà fún akàndá nìkan. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá àti bàbá ni ó jọ ń gun ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbà tí a bá kọ́ fún akàndá nìkan, ìyàsọ́tọ̀ mìíràn ni, bí ó ti wù kí ó dára tó.

Àwọn kan yóò wí pé olówó ni bàbá yìí, àti pé ibo ni a ó ti rí irú owó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti bèèrè pé: ta ni yóò kù sẹ́yìn? Ìbéèrè yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀wọ̀ nìkan kò tó

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ka akàndá sí. Ìtàn ìṣẹ̀dá fi yé wa pé ọwọ́ Ọbàtálá ni abuké, arọ àti àfín ti wá. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí ó sì fi jẹ́ èèwọ̀ láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀wọ̀ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ó ní ẹ̀rù nínú a máa jìnnà sí ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Ọmọdé kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bẹ̀rù òun. Ó fẹ́ kí wọ́n pe òun síbi eré.

Òfin pàápàá ti gba ọ̀rọ̀ yìí rò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2003 sọ ní abala 12 pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni ìsinmi àti eré. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, dárúkọ eré akàndá ọmọ ní abala 30. Òfin tí ó lòdì sí yíya akàndá sọ́tọ̀, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí akàndá lè gbà wọlé. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Ṣùgbọ́n òfin kò lè di ọmọ lọ́wọ́ mú lọ sáàárín agbo eré. Olùkọ́ ni ó lè ṣe é.

Ojúṣe olùkọ́ Yorùbá

Bóyá ẹnìkan yóò ní olùkọ́ eré ìdárayá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Rárá o. Olùkọ́ Yorùbá ni ó ń kọ́ ọmọ ní bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran, ayò ọlọ́pọ́n àti àlọ́ àpamọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ fi ìkọ́ni dánra wò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ètò ìkọ́ni rẹ̀ bí gbogbo ọmọ kíláàsì yóò ti ṣe eré náà.

Kò nira. Nínú ẹkùn mẹ́ran, agbo ni ó ń dáàbò bo ẹran. Ọmọ orí kẹ̀kẹ́ arọ lè wà nínú agbo, kí ó di ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ mú bí àwọn yòókù. Nínú bojúbojú, ó lè jẹ́ òun ni yóò máa boni lójú. Bí adití bá wà láàárín àwọn tí ó sá pamọ́, kí a máa ju aṣọ sókè bí a ti ń pariwo. Ayò ọlọ́pọ́n kò fẹ́ àtúnṣe kankan fún afọ́jú: ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni, ọwọ́ ni a sì fi ń kà á. Ẹni tí ó bá ní a kì í yí eré àbáláyé padà kò rántí pé eré kan náà a máa ní orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìlú dé ìlú.

Bí ilé-ìwé bá fẹ́ tún ẹnu ọ̀nà ṣe, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: fún ínǹṣì 1 tí àtẹ̀gùn bá fi ga, kí ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ́ tí a ó ṣe gùn tó ínǹṣì 12. Àtẹ̀gùn tí ó ga ní ínǹṣì 6 yóò gba ẹsẹ̀ bàtà 6. Bíríkìlà àdúgbò lè ṣe é láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ohun kan ṣì kù tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Kí ó má ṣe fi àánú ba eré jẹ́. Kí akàndá ọmọ jáwé olúborí bí ó bá tọ́ sí i, kí ó sì fìdí rẹmi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jù ú lọ. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó fìdí rẹmi rí, a kò tíì bá a ṣeré. Bí olùkọ́ kò bá sì mọ bí yóò ti ṣe é, kí ó bi ọmọ náà. Ó ti lè pẹ́ tí ọmọ náà ti ń rò ó níbi tí ó ti ń ṣọ́ bàtà.

Àgbálọgbábọ̀

Olúwa ń bá màlúù tí kò nírù léṣinṣin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó sábà máa ń lò. Kò pọn dandan kí ilé-ìwé wa ní éékà 25 kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí agogo ìsinmi bá lù lọ́la, kí olùkọ́ wo abẹ́ igi, kí ó wo ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Bí ó bá rí ọmọ kan tí ó jókòó ti bàtà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Kí ó pè é síbi eré.