Ẹ má sọ pé ó kùnà nígbà tó ṣì wà lórí ìlà

Lọ́jọ́ kan ní Odògbolú, a ra gàárì lọ́wọ́ ìyá kan, a sì fi fóònù san owó rẹ̀. Owó kúrò ní àkáǹtì wa, àmọ́ fóònù ìyá kò dún. Áàpù wá kọ "failed" sójú. "Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò tíì rí àláàtì o," ni wọ́n wí. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Àwa náà ì bá má gbà, ká ní àwa la ni gàárì. La bá tún owó san. Nígbà tó di alẹ́, owó méjèèjì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí ló yọ wá pé olóòótọ́ èèyàn ni ìyá yìí. Wọ́n dá ọ̀kan padà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti jẹ irú ìyà yìí, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n bí imí eégún, tí gbogbo wa sáré gba orí fóònù. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," la máa ń wí. Lójú tiwa, ẹ̀bi nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan kọ́. Áàpù tó ń sọ ohun tí kò mọ̀ jẹ̀bi jù ú lọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ètò kọ̀ǹpútà tó yọ owó lọ́dọ̀ wa yàtọ̀ sí èyí tó ń san án sí àkáǹtì ẹlòmíràn. Ńṣe ni wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn. Nítorí pé ọ̀kan lè dákú nígbà tí èkejì ń pè é, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi ìlà sáàárín irú wọn. RabbitMQ, tó jáde ní 2007, wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Iṣẹ́ tí a rán á tò sórí ìlà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹni tó gbà á bá dáhùn pé "mo ti gbà á". Bí ìdáhùn bá sọnù lọ́nà, ìlà á tún iṣẹ́ náà rán. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí wọ́n má baà san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kò ṣàjèjì sí àwa tí à ń kọ́ nípa àrokò Ìjẹ̀bú. Ọmọkùnrin á fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin: ẹẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin bá gbà, á fi mẹ́jọ dáhùn: ẹẹ́jọ, ọ̀rọ̀ wa jọra. Kí mẹ́jọ tó dé, ọmọkùnrin kò lè wí pé wọ́n kọ òun. Ó ń retí ni.

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. Kí áàpù báńkì sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta, ní Yorùbá tí ìyá onígàárì á gbọ́: "Ó ti dé." "Kò lọ; owó yín ṣì wà." "Ó wà lórí ìlà. Ẹ má tíì san òmíràn." Ẹnì kan lè ní ìyá kò ní torí ìyẹn gbé gàárì fún wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ò ní sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ẹ bá wa sọ ọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa kọ Yorùbá rẹ̀, àwa rèé.