Ẹrẹ̀ Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Kó Jáde Nínú Gọ́tà



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn àgbà mọ́ṣálááṣí jókòó sọ ọ́ kí òjò tó le. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń dá owó jọ láàárín ara wọn, tí wọ́n ń ra ṣọ́bìrì àti bàtà òjò, tí wọ́n sì ń jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú láti kó gọ́tà. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé kéwú wa, àwọn kan ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àwọn mìíràn sì ti jáde ilé ìwé gíga tí wọn kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe wáàsí sì mọ̀ pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde tán, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà ni wọ́n ń kó o jọ sí, nítorí pé wọn kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ààtàn. Ọkọ̀ ń gba owó, owó náà sì ju agbára ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ. Òkìtì náà yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Òjò kan ṣoṣo yóò rọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò sì padà sínú gọ́tà. Lẹ́yìn èyí ni àwa àgbà yóò máa wí pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kì í parí ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ́. Wọ́n ti ṣe ìpín tiwọn; èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí ó di àpò mú.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí gọ́tà dídí lè fà. Ní ọjọ́ 31 oṣù August 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gba ẹ̀mí tí ó ju 200 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù August 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, àwọn tí ó kú ju 100 lọ, afárá wó, ọjà àwọn oníṣòwò sì bá omi lọ. Òjò ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí a dà sínú odò àti ilé tí a kọ́ sí ojú omi wà lára ohun tí ó dínà mọ́ ọn.

Kí ló dé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí owó ọkọ̀ gbà nínú àpò mọ́ṣálááṣí? Nítorí pé wọn kò sí níbi tí a ti ń ná an. Ẹ ka orúkọ ìgbìmọ̀ yín: Lèmọ́mù, Bàbá Àdínì, Ìyá Àdínì, akọ̀wé, akápò. Mélòó nínú wọn ni kò tíì pé 40 ọdún? Ìjọba pàápàá ṣe òfin ní 2018 tí ó dín ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25. Ọmọ ọdún 25 lè wọ Ilé Aṣòfin ní Àbújá, ṣùgbọ́n ní mọ́ṣálááṣí ràtíbì àdúgbò rẹ̀, ẹní ni à ń ní kí ó máa tẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ẹ̀sìn ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí ó rántí Usama ọmọ Zaydu. Ọmọ nǹkan bí ọdún 18 sí 20 ni nígbà tí Ànọ́bì fi í ṣe olórí ogun ní 632, tí àwọn àgbà sàábé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kùn, Ànọ́bì sì bá wọn wí. Lẹ́yìn tí Ànọ́bì fi ayé sílẹ̀, Abubakar sin ogun náà jáde: ọmọdé náà wà lórí ẹran ìgùn, Abubakar ń fi ẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí ó sì fẹ́ kí Umar dúró ti òun ní Mẹ̀dínà, ọwọ́ Usama ni ó ti tọrọ ààyè. Hàlífà ni ó tọrọ ààyè o!

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tó bẹ́ẹ̀ tí “Young” fi wà níwájú orúkọ ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù. Ní 1954, àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó. Lateef Adegbite, ọmọ ọdún 21, ni ààrẹ àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń jókòó ní ìlà iwájú lọ́jọ́ Jímọ̀ lónìí ni ó jẹ èrè iṣẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

A kò wí pé gbogbo ọ̀dọ́ ni ó dára. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bí ìbò bá sì súnmọ́, olóṣèlú yóò gbé aṣọ àti owó wá bá wọn, ẹni tí a kò kà sí nínú ilé yóò sì tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí owó tí a bá fún wọn ní ìṣírò, kí a kà á sétí ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n kí a ka tiwa náà ní ọjọ́ kan náà.

Owó ìkànnù àti oúnjẹ Máólúdì kan ṣoṣo, bí a bá dín díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, yóò gbé ọkọ̀ wá. Kí ìgbìmọ̀ mú ọ̀dọ́ méjì wọlé, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ohùn wọn sì kà. Ní ti ọjà, kí Ìyálọ́jà pàṣẹ àpò kan sí ẹnu ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rá. Ní ọjọ́ Àìkú tí àwọn ọmọ bá tún jáde, kí ọkọ̀ ti wà ní ìdúró kí agogo 10 tó lù.