Hẹ́dífóònù Oníbéèsì: Etí Ni Kí Ẹ Fi Rà Á, Ẹ Má Fi Ojú Rà Á

Lásìkò tí mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lọ́wọ́, mo gbé ojú ìwé mẹ́ta àdàkọ orin ẹ̀fẹ̀ lọ fún alámòójútó mi. Bàbá kan ní agbègbè Ayétòrò ló kọ orin náà fún mi, mo sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ọ̀gá mi kà á dé ìdajì, wọ́n dúró, wọ́n sì bi mí pé: "Ìlù wo ló bàjẹ́?"

Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni pé "ìlù ti bàjẹ́." Ohun tí bàbá sọ ni pé "ìlú ti bàjẹ́." Àwọn alágbára ni bàbá ń bá wí, èmi wá sọ wọ́n di ẹni tó ń wá awọ tuntun fún ìlù. Àmì ohùn kan ṣoṣo péré ló yí gbogbo orin náà padà.

Mo kọ́kọ́ rò pé oorun ló ń kùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo fi hẹ́dífóònù ọ̀rẹ́ mi gbọ́ orin kan náà, "ìlú" hàn kedere. Ohun tó wà lórí mi ló ni ẹ̀bi. Mo ti rà á ní ₦9,000 nígbà ìsinmi: ó tóbi, ó dúdú, ó ní ìlà pupa, orúkọ ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Béèsì rẹ̀ ń mi agbárí. Ìyẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ rà á.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. N kò sí lára àwọn tó ń fi olólùfẹ́ béèsì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Yewa ni mí. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dàgbà nítòsí agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó sì gbọ́ orin bólójò níbi ìnáwó, mọ̀ pé àyà la fi ń gbọ́ ìlù kí etí tó gbọ́ ọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí náà ni UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, tí wọ́n sì fi sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2008. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbo ìlù wa dáadáa. Ìyáàlù tí ohùn rẹ̀ wúwo yìí náà ló ń sọ̀rọ̀ tí gbogbo agbo ń gbọ́. Lóru ni wọ́n sì ń kọ orin ẹ̀fẹ̀, láàárín ìlù, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ sí ẹni tí kò gbọ́ ẹni tí wọ́n ń bú. Ohùn tó wúwo àti ọ̀rọ̀ tó yé ni kì í ṣe ọ̀tá ara wọn láàárín wa. Béèsì tí kò bá jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀, ariwo ni mo kà á sí. Àgbá òfìfo ló ń pariwo jù.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ohùn tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Béèsì tó jinlẹ̀ gan-an máa ń wà ní ìsàlẹ̀ 100 Hz. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà ní àyíká 100 Hz sókè díẹ̀, ti obìnrin ní àyíká 200 Hz. Ibẹ̀ gan-an ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí àwa Yorùbá fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ ń gbé. Hẹ́dífóònù tí kò lágbára láti lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá a máa fẹ ohùn tó wà lókè ibẹ̀ díẹ̀ kí ẹni tó ń rà á lè rò pé béèsì ló ń gbọ́. Ohùn tó wúwo sì máa ń bo ohùn tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ mọ́lẹ̀. Òun ló jókòó lé bàbá lórí, tí "ìlú" fi di "ìlù" létí mi.

Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ wò ó bóyá ó bo gbogbo etí. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń pè ní hẹ́dífóònù ńlá, orí etí ló kàn ń jókòó lé. JBL Tune 510BT, fún àpẹẹrẹ, orí etí ló ń jókòó lé. Tune 710BT ló ń bo etí. Béèsì dà bí omi nínú korobá: bí ihò bá wà, yóò jò lọ. Nígbà tí ẹ bá gbé e sórí, ẹ fi ọwọ́ tẹ ìgbá méjèèjì mọ́ etí díẹ̀. Bí béèsì bá ṣàdédé pọ̀ sí i, a jẹ́ pé kò dì mọ́ yín dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo gíláàsì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wé híjáàbù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ di irun ńlá, bí ẹ ṣe máa ń jáde lójoojúmọ́ ni kí ẹ ṣe lọ dán an wò.

Èkejì, bí owó bá kéré, mo fara mọ́ oníwáyà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò jà mí níyàn lórí èyí. Bluetooth kò ní wáyà tó ń lọ́, ó sì rọrùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn fóònù kan ò ní ojú ihò wáyà mọ́. Apple yọ ọ́ kúrò lára iPhone 7 ní 2016, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Òótọ́ ni. Àmọ́ nínú owó Bluetooth, ẹ ti san ti bátìrì, ẹ ti san ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́, kó tó wá kan ohun tó ń dún gan-an. Iye kan náà lára oníwáyà, ibi tó ń dún ni púpọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá sì mọ bí iná ṣe máa ń ṣe ní Ayétòrò yóò mọ iyì hẹ́dífóònù tí kì í béèrè ṣáàjì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa tá a wà lẹ́nu ibodè mọ ọjà. Èyí tó ti Kútọnu gba Ìdí-Ìrókò wọlé ń bẹ, èyí tó ti Computer Village ní Ìkẹjà wá ń bẹ, ayédèrú sì wà láàárín wọn. Beats gbé hẹ́dífóònù wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2008, Apple sì ra ilé iṣẹ́ náà ní 2014 ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Láti ìgbà náà, orúkọ ńlá lára hẹ́dífóònù ti di aṣọ ẹ̀yẹ. Bí ẹ bá wá rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní iye owó ọ̀sẹ̀ kan oúnjẹ, ọ̀dà ni ẹ ń rà. Ojúlówó orúkọ kékeré sàn ju ayédèrú orúkọ ńlá lọ. Oraimo wà, ilé iṣẹ́ Transsion tó ń ṣe Tecno, Infinix àti Itel ló ni ín, kò sì sí ìtìjú kankan nínú gbígbé e sórí.

Kí ẹ tó sanwó, orin kan tí ẹ mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, orin tó ní ìlù àti ohùn. Ẹ má gbé e sókè jù. Ẹ gbọ́ bóyá gbogbo ọ̀rọ̀ ṣì wà ní ipò rẹ̀ nígbà tí ìlù bá wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ lásán sí i. Bí ohùn yẹn bá ń dún bí ẹni tó wà nínú kànga, ẹ dá a padà fún un.

Nǹkan kan ń bẹ tó ju owó lọ. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀, béèsì ni etí wa kọ́kọ́ ń pàdánù, ìdí nìyẹn tí olólùfẹ́ béèsì fi máa ń gbé e sókè ṣáá, pàápàá bí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí a má kọjá 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bó bá di 90 dB, wákàtí mẹ́rin péré ni. Etí tó bá ti lọ kì í padà. Hẹ́dífóònù tó dì mọ́ etí dáadáa ń lé ariwo ìta sẹ́yìn, ẹ kò sì ní nílò láti gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀. Ìdí kan náà nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́bàá títì: ọlọ́kadà tó ń fọn fèrè kò mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ òun.

Ẹnìkan lè sọ pé owó oúnjẹ ni mo ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ná. Rárá o. Bí íápíìsì tẹ́ ẹ ní bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa lò ó lọ. Ẹni tó ti pinnu láti rà á ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kó má baà rà á lẹ́ẹ̀mejì bíi tèmi.

Mo ra oníwáyà kan, àlòkù, ní ₦12,000. Kò ní ìlà pupa, kò sì sẹ́ni tó ń wò mí lójú ọ̀nà. Mo fi tún gbogbo àdàkọ mi gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rí ibi mẹ́rin mìíràn tí mo ti yí ọ̀rọ̀ bàbá padà láìmọ̀. Nígbà tí mo padà sí Ayétòrò, mo gbé e sí wọn létí kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ìlù yẹn dún dáadáa." Mo bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ wọn ńkọ́. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló pé.