Ta ló ni ẹja inú dáàmù Ọ̀yán?

Ẹni tó bá ná ọjà ní Eggua lónìí yóò rí i pé ẹja yìnyín ló gba orí àtẹ. Titus ni, kọ́tẹ̀ ni, panla ni. Ọkọ̀ òkun ló gbé wọn wá láti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n gba Èkó kọjá, wọ́n wọ yàrá yìnyín, kí wọ́n tó dé ọwọ́ ìyá tó ń ta á ní ààlà Yewa. Bẹ́ẹ̀ odò Yewa ń ṣàn ní agbègbè náà, dáàmù ńlá Ọ̀yán, èyí tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Yewa. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Eggua, Ọjà-Ọ̀dàn àti Igbógílà gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe wọn nìkan. Àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ máa ń sọ pé ẹja tí Nàìjíríà ń fẹ́ jẹ lọ́dún lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù, tí èyí tí à ń pa nílé kò sì ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Owó ilẹ̀ òkèèrè la fi ń ra ìyókù. Ìgbàkígbà tí náírà bá sì ti dojú bolẹ̀, ẹja inú ọbẹ̀ náà a kéré sí i. Àwọn àgbà tó jẹ àrọ̀ àti epìyà inú odò dàgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn.

Ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ bò tó hẹ́kítà 4,000, omi tó sì lè gbà sínú tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn torí rẹ̀ ṣe é: kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò Ògùn lè rí omi fi bomi rin oko, kí iná mẹ̀ǹtírí mẹ́gáwáàtì mẹ́sàn-án sì lè ti inú rẹ̀ jáde. Ti omi mímu ń lọ. Ní ti iná, ọdún púpọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jókòó láìṣiṣẹ́. Ẹja kò sí nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn tó yí omi náà ká ní oúnjẹ. Kò pẹ́ tí omi kún tí àwọn apẹja fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n pàgọ́ sí etí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí omi lé kúrò nílé bàbá wọn. Apojola, Ibaro àti Abúlé Titun wà lára àwọn ibi tí ẹja sọ di ibùgbé.

Ta wá ni olówó ẹja náà? Ìbéèrè tó yẹ kí ìjọba dáhùn nìyí, torí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, kò sí ẹni tó ni ín. Dáàmù fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ Àjọ tó ń Mójútó Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Omi ni iṣẹ́ àjọ yìí. Wọ́n ń wọn omi, wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà fún un. Nígbà tí wọ́n tú omi Ọ̀yán sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú ni omi bá nínú ilé, ariwo rẹ̀ sì kan gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé omi Ọ̀yán nílò olùṣọ́.

Ti ẹja yàtọ̀. Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999, níbi tó ti to iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan lẹ́sẹẹsẹ, dárúkọ iṣẹ́ ẹja ní nọ́ḿbà 29, ṣùgbọ́n ó yọ ẹja inú odò, adágún àti omi inú ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ẹja odò wà. Omi Ọ̀yán jẹ́ ti Àbújá, ẹja inú rẹ̀ jẹ́ ti Abẹ́òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí ẹni kan bá wọ́ àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò gba ìka ọwọ́ létí adágún, àti Àbújá àti Abẹ́òkúta ti sùn. Ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á kú.

Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ó sì yẹ ká tú u wò. Epìyà kì í yé bíi ti àrọ̀. Àrọ̀ a máa yé ẹyin lọ́pọ̀ yanturu sínú koríko tí omi òjò àkọ́kọ́ bá bò, á sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó bá yè, ó yè. Ẹyin epìyà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ló fi ń bo àìpọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Akọ á gbẹ́ ilẹ̀ bí àwo sí ibi tí omi kò ti jìn, létí bèbè, abo á wá yé síbẹ̀. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lára wọn, abo á kó ẹyin náà sẹ́nu, á gbé e kiri títí tí wọn yóò fi pa, àwọn ọmọ náà á sì tún máa sá padà sẹ́nu ìyá wọn bí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Ìyá tó kó ọmọ sẹ́nu kì í jẹun dáadáa, kì í sì lọ jìnnà. Etí bèbè níbẹ̀ ló máa ń wà.

Etí bèbè náà sì ni àwọ̀n wíwọ́ ń gbà. Àwọn ọkùnrin bíi mélòó kan á fi ọkọ̀ gbé àwọ̀n gígùn yípo, wọ́n á wá máa fà á bọ̀ wá sórí ilẹ̀. Ó ń fọ́ ilé ẹyin, ó ń kó ìyá, ó ń kó ọmọ. Àwọn ọmọ ẹja tí kò tíì tó ìka ọwọ́ ni wọ́n ń sá sórí ẹní gbẹ, tí wọ́n sì ń fi ife wọ̀n tà. Ẹja kan tí ì bá tó àtẹ́lẹwọ́ méjì bí wọ́n bá fi sílẹ̀ di ohun tí wọ́n ń bù pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún mìíràn sínú ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti rí i pé àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìyá ọmọ ni wọ́n ń rán pọ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan tún wà tí wọn kò tilẹ̀ nílò àwọ̀n. Gamalin tí wọ́n rà fún kòkòrò orí kókó ni wọ́n ń dà sódò, ẹja á léfòó, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sì jẹ májèlé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe èyí ní odò kéékèèké inú ìgbẹ́ Yewa mọ ara wọn, àwọn ará abúlé wọn náà sì mọ̀ wọ́n.

Ẹnì kan lè ní ẹja kì í tán nínú omi. Kí onítọ̀hún gbọ́ ìtàn Kainji. Ní ọdún 1968 ni omi kún dáàmù náà, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì fẹ̀ tó kìlómítà 1,270 níbùú lóròó. Gbogbo igi àti koríko tí omi bò jẹrà, wọ́n sì di oúnjẹ fún ẹja. Nígbà tó di 1970, ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀ lé ní 28,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn ènìyàn rò pé bí yóò ṣe máa rí lọ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di 1978, kò tó 5,000 mọ́. Ọ̀rá igi tó jẹrà ti tán, àwọn apẹja sì ti pọ̀. Bó ṣe máa ń rí pẹ̀lú ọ̀pọ̀ dáàmù tuntun nìyẹn, Ọ̀yán náà kò lè yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó dára nínú ìtàn Kainji ni apá kejì. Láti 1993 sí 2001, ìjọba Nàìjíríà àti ti Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀, tí ilé ìwádìí ẹja tó wà ní New Bussa kópa nínú rẹ̀. Wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n ka àwọ̀n, wọ́n wọn ẹja ní èbúté. Ìgbà tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n tó jókòó pẹ̀lú àwọn olórí apẹja. Ní 1997, ìjọba ìpínlẹ̀ Niger àti Kebbi ṣe òfin tó fòpin sí àwọ̀n wíwọ́, tó sì ní kí ojú àwọ̀n má kéré ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Ìpínlẹ̀ méjì tó pín omi kan ló fẹnu kò yìí, láìwo ti ààlà. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò tilẹ̀ ní ẹlòmíràn láti bá fẹnu kò lórí ẹja Ọ̀yán ju àjọ tó ni omi lọ, ilé àjọ náà sì wà ní Abẹ́òkúta níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi sílẹ̀ kó sinmi. Ní Argungu, wọ́n máa ń ti apá odò Matan Fada pa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún ẹja yóò fi pé, ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹja ńláńlá fi ń jáde níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní Òṣogbo, kò sí ẹni tó ń pa ẹja inú igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó kọ́kọ́ fi òfin wọ̀nyí múlẹ̀. Àwọn ọba àti baálẹ̀ Yewa mọ èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ṣì ń rántí ibú odò tí a kì í pẹja nígbà èwe wọn. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ pé nígbà tí ìjọba bá ń pe ìpàdé lórí dáàmù, àwọn wọ̀nyí kọ́ ni wọ́n ń rántí pè, bí kò ṣe kọngilá.

Àwọn kan ní kí a fi odò sílẹ̀, ká gbẹ́ kòtò ká máa sin àrọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ẹ̀rìwé lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe ní Ẹ̀rìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ẹja nínú kòtò mọ iye tí àpò oúnjẹ ẹja dà, ó sì mọ ẹni tó lè rà á. Opó tó ń gbẹ́ ẹ̀gẹ́ ní abúlé Eggua kò lè rà á. Ẹja adágún ń bọ́ ara rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ ká fi pamọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò Ọ̀yán ni àtọ̀sí ajá ti ń bá àwọn abúlé etí rẹ̀ jà. Ìgbín omi kéékèèké ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, omi tó dúró lójú kan sì ni ìgbín náà fẹ́ràn. Ọmọdé tó bá wọ omi láti bá bàbá rẹ̀ fa àwọ̀n á wá máa tọ ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń kọ nípa rẹ̀, oògùn rẹ̀, praziquantel, sì wà. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá lè gun ọ̀kadà dé Ibaro láti fún ọmọ ní oògùn, òṣìṣẹ́ ẹja lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Àwọ̀n wíwọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró yóò tilẹ̀ dín iye ọmọ tó ń wọ omi kù.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kò wọ́n. Kí ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti àjọ odò jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ń bójú tó ẹja Ọ̀yán. Kí wọ́n yan ibi méjì tàbí mẹ́ta létí bèbè tí a kò ní pẹja rárá, kí àwọn olórí apẹja fúnra wọn sì tọ́ka sí i, torí àwọn ló mọ ibi tí epìyà ń gbẹ́lẹ̀ sí. Kí wọ́n pe àwọn ìyá alẹ́ja náà. Ó wọ́pọ̀ létí omi pé owó ìyá alẹ́ja ni apẹja fi ń ra àwọ̀n, kó tó máa fi ẹja san án díẹ̀díẹ̀. Ìyá yìí lè sọ pé òun kò gba ọmọ ẹja mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì múlẹ̀ ju ti ẹni tó wọ aṣọ ìjọba lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gba àwọ̀n wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí èyí tó tọ́ rà lówó pọ́ọ́kú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alẹ́ ni yóò máa padà lọ pẹja.

Kí wọ́n sì ṣe é nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilé ẹyin epìyà ń hàn lórí ẹrẹ̀ gbígbẹ, tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kó kà wọ́n. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, omi á tún bo ibẹ̀.