Ẹ Dán An Wò Kí Ẹ Tó Tú U: Lẹ́tà sí Àwọn Mẹkáníìkì Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì wa,

Nítorí àwọn píkọ́ọ̀pù bíi Toyota Hilux, tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn (fóòwíìlì), ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Bí iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń kùn tàbí tó ń gbọ̀n, ìdáhùn tó ti di àṣà ni pé, "Béárìn ni, ẹ lọ ra méjèèjì wá." Bí ariwo kò bá lọ, ó kan ṣáàfù, bí kò bá tún lọ, ó kan ball joint. Iṣẹ́ àfojúbù nìyẹn. Àpò olówó ọkọ̀ ń gbẹ, àìsàn ọkọ̀ sì wà níbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohùn àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kò jọra. Béárìn tó ti jẹ máa ń kùn bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí. Ẹ gbé gíá sí nútírà lórí eré, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, kíkùn náà kò ní yí padà. Bí ọkọ̀ bá ya sí òsì, ọ̀tún ni ẹrù rẹ̀ ń tẹ̀ sí. Bí ariwo bá pọ̀ sí i níbẹ̀, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Táyà tó jẹ jágajàga náà máa ń kùn bíi béárìn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sẹ́yìn tí ohùn bá tẹ̀ lé e, táyà ni. Tó bá ń dún ká-ká-ká nígbà tí ẹ bá ṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ dópin, ṣáàfù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pé orí bíréèkì nìkan ló ti ń gbọ̀n, ẹ wo dísíìkì. Bí awakọ̀ bá sì gbàgbé fóòwíìlì sílẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀tìkọ̀ ní kọ́nà láìsí ohunkóhun tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fetí sí i, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ fi nǹkan tó lágbára tì í lábẹ́, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì, kí ọmọṣẹ́ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, béárìn ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ wo ball joint. Ẹ wá fi ìka kan sípíríǹgì, kí ẹ fọwọ́ yí táyà: béárìn tó jẹ á máa ha lábẹ́ ìka yín bí ọlọ tí iyanrìn wọ̀.

Ẹlòmíràn á ní oníbàárà ń kánjú, kò sì sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Jáàkì, ohun ìtilẹ̀, ọwọ́ àti etí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí ń gbà. Ẹlòmíràn á ní béárìn tuntun kò lè pa ọkọ̀ lára. Ó lè pa á lára: bí a bá fi òòlù gbá a wọlé, àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á dá àpá sí ojú irin tí wọ́n ń yí lé lórí, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìrírí yín níye lórí, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí a dán wò ló ń tọ́ka sí. Kò lè rọ́pò ìdánwò.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Béárìn tó jẹ kọjá ààlà lè jẹ́ kí táyà yọ lórí eré, èèyàn ló sì wà nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dán an wò kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì máa fi èyí tó bàjẹ́ han olówó ọkọ̀ kó tó sanwó.