Dátà Tí A Kò Lè Kà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń to àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú fáìlì JSON báyìí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Èrò tèmi ni pé bí ẹni tó gbọ́ èdè kò bá lè ka dátà náà lójú ìwé, iṣẹ́ kò tíì parí.

Bí ẹ bá lo json.dumps ti Python láìfi nǹkan kan kún un, ọkọ́ á di \u1ecdk\u1ecd\u0301, ọkọ̀ á di \u1ecdk\u1ecd\u0300, gbogbo rẹ̀ á sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ìparí nìkan ló wá ya ọkọ́ tí a fi ń ro oko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Olùkọ́ wo ló fẹ́ fi èyí yẹ àmì ohùn wò?

Àwọn kan ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mi ò gbà. Ẹ fi ensure_ascii=False àti indent=2 kún un. Bí ó bá jẹ́ JavaScript, ẹ lo JSON.stringify(data, null, 2), kí ẹ sì gbé e sínú pre, torí HTML máa ń pa àlàfo rẹ́. Bí ọkọ́ bá ṣèèṣì di ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀. Àwa ló yẹ kó rí i.